Thomas Cook

Thomas Cook (ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 1808 – ọjọ́ 18 oṣù Keje ọdún 1892) jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oníwàásù nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi, atẹ̀wé àti aṣètò ìrìn-àjò. Òun ni olùdásílẹ̀ ilé-iṣẹ́ ìrìn-àjò tí a wá mọ̀ sí Thomas Cook & Son. Ó wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ mú kí ó ṣeé ṣe fún ẹni tí kì í ṣe ọlọ́lá láti rin ìrìn-àjò afẹ́ lọ sí àwọn òkè Swítsàlandì lórí ètò tí wọ́n ti là sílẹ̀ kí èrò tó kúrò nílé: ọkọ̀ tí yóò wọ̀, ìlú tí yóò sùn, àti iye tí gbogbo rẹ̀ yóò ná an. Ìrìn-àjò ọdún 1863 tí ó fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ni ó sọ òwò rẹ̀ di ohun tí gbogbo Yúróòpù mọ̀. Òwò yìí kan náà ni ó sì dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti ọmọkùnrin rẹ̀ nígbà tí ó dàgbà.

Ìbí àti ìgbà èwe

Ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Melbourne, ní agbègbè Derbyshire, ni a bí Thomas Cook sí. Kì í ṣe Melbourne ti ilẹ̀ Ọsirélíà ni èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ara oyè olóyè kan tí ó ní ilé ńlá ní ìlú kékeré yìí ni ti Ọsirélíà ti gba orúkọ tirẹ̀. Bàbá rẹ̀, John Cook, kú nígbà tí ọmọ náà kò tí ì pé ọdún mẹ́rin. Ìyá rẹ̀, Elizabeth, jẹ́ ọmọ pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Kò pẹ́ tí ó fi fẹ́ ọkọ mìíràn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Thomas nígbà tí ó fi ilé-ìwé sílẹ̀ láti máa ran olùtọ́jú ọgbà lọ́wọ́, owó iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ pẹ́nì kan lójúmọ́. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, wọ́n fi í sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òbí rẹ̀ kan láti kọ́ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà.

Ó ṣe ìrìbọmi ní ọdún 1826, ó sì di ajíhìnrere abúlé ní ọdún 1828. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa lọ láti abúlé dé abúlé, kí ó máa wàásù, kí ó máa pín ìwé àṣàrò, kí ó sì máa dá ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi sílẹ̀. Ó máa ń kọ ibi gbogbo tí ó bá dé sílẹ̀. Ní ọdún 1829 nìkan, máìlì 2,692 ni ó rìn, ẹsẹ̀ ni ó sì fi rin èyí tí ó ju 2,000 lọ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí Cook ti kọ́ bí a ti ń ka wákàtí mọ́ ojú ọ̀nà, ibí yìí ni kí ó wò, kì í ṣe inú ilé-iṣẹ́ kankan.

Nígbà tí owó tán lọ́wọ́ ìjọ láti san fún un, ó padà sí ìdí iṣẹ́ igi ní ìlú Market Harborough. Ó fẹ́ Marianne Mason ní oṣù Kẹta ọdún 1833. Ọmọkùnrin wọn, John Mason Cook, ni a bí ní oṣù Kínní ọdún 1834. Ọmọbìnrin wọn, Annie, sì dé ní ọdún 1845.

Ìgbógun ti ọtí àti ọkọ̀ ojú irin

Ní àkókò yìí, ọtí ń ba ilé àwọn òṣìṣẹ́ jẹ́ púpọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Cook jẹ́jẹ̀ẹ́ ní ọdún 1833 pé òun kò ní fẹnu kan ọtí mọ́, ó sì di ọ̀kan pàtàkì nínú ẹgbẹ́ àwọn tí ń gbógun ti ọtí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1841, ó ń fẹsẹ̀ rìn láti Market Harborough lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ yìí ní Leicester, ọ̀nà tí ó tó máìlì 15. Ojú ọ̀nà ni èrò náà ti sọ sí i lọ́kàn: bí wọ́n bá lè gba ọkọ̀ ojú irin kan lówó pọ́ọ́kú, kí wọ́n fi kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ sí ìpàdé ńlá, àwọn òṣìṣẹ́ yóò rí ohun mìíràn fi ọjọ́ ìsinmi wọn ṣe yàtọ̀ sí ilé ọtí.

Ilé-iṣẹ́ rélùwéè gbà fún un. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1841, èrò bíi 500 wọ ọkọ̀ láti Leicester lọ sí Loughborough, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ ṣílè kan. Wọ́n jẹun, wọ́n mu tíì, wọ́n ṣeré, wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ lórí ibi tí ó wà nínú ọtí, wọ́n sì padà sílé ní àlàáfíà. Ìrìn-àjò yìí kò ju nǹkan bí máìlì 11 lọ, Cook kò sì fi ṣe òwò.

Ó kó lọ sí Leicester, ó ṣí ilé ìtẹ̀wé àti ilé ìtàwé. Ìyàwó rẹ̀ ń bójú tó ilé ìtura wọn tí wọn kì í ti í ta ọtí. Ní ọdún 1845 ni ó kọ́kọ́ ṣètò ìrìn-àjò tí ó jẹ́ ti èrè, láti Leicester lọ sí Liverpool àti apá òkè ilẹ̀ Wales. Kí ó tó ta tíkẹ́ẹ̀tì kankan, òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ lọ wo ọ̀nà náà, ó yẹ àwọn ilé ìtura wò, ó sì tẹ ìwé atọ́nà kékeré fún àwọn èrò. Àṣà kí a kọ́kọ́ lọ wò ó yìí ni kò fi sílẹ̀ títí ó fi darúgbó.

Ìrìn-àjò ti Skọ́tlándì ní ọdún 1846 kò dára tó bẹ́ẹ̀. Kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin náà, tíì tí wọ́n ṣèlérí fún àwọn èrò ní ojú ọ̀nà kò sí, ìjì sì bá wọn lójú omi. Ní Glasgow ni wọ́n ti fi ìlù àti fèrè pàdé wọn, ṣùgbọ́n inú ti ń bí ọ̀pọ̀ wọn. Ní ọdún yìí kan náà ni òwò Cook wọ gbèsè. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1851, nígbà tí wọ́n ṣe Àfihàn Ńlá ní London, àwọn èèyàn tí ó kó lọ wò ó ju 150,000 lọ, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ òṣìṣẹ́ tí kò dé London rí. Ní ọdún 1855, ó kó ọ̀wọ́ kan gba Bẹ́ljíọ̀mù àti etí odò Rhine dé Paris, ṣùgbọ́n ó pàdánù owó lórí rẹ̀.

Bí Skọ́tlándì ṣe tì tí Swítsàlandì fi ṣí

Skọ́tlándì ni oúnjẹ òòjọ́ Cook fún nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọdọọdún ni ó ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún 1862, àwọn ilé-iṣẹ́ rélùwéè ti Skọ́tlándì rí i pé èrè ń bẹ nínú iṣẹ́ náà, wọ́n sì pinnu láti máa ṣe é fúnra wọn. Wọn kò ta tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú fún un mọ́. Ọkùnrin tí ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, tí ó ní ìdílé àti òṣìṣẹ́, kò tún ní ohun tí yóò tà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ó sì kọjú sí Swítsàlandì.

Kì í ṣe pé àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò mọ Swítsàlandì tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ọlọ́lá àti àwọn akéwì ti ń lọ síbẹ̀ tipẹ́, wọ́n sì ti dá ẹgbẹ́ àwọn agunkè, Alpine Club, sílẹ̀ ní London ní ọdún 1857. Ìwé atọ́nà náà kò ṣọ̀wọ́n: ilé ìtẹ̀wé John Murray ti tẹ ti Swítsàlandì ní ọdún 1838, Karl Baedeker ti Jámánì sì tẹ tirẹ̀ ní ọdún 1844. Àwọn ìwé wọ̀nyí sọ ohun tí ó yẹ kí a wò àti ibi tí a lè sùn. Ohun tí wọn kò lè ṣe ni láti ra tíkẹ́ẹ̀tì fún ẹni tí ń kà wọ́n. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ ní láti bá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó dúnàádúrà pẹ̀lú oníkẹ̀kẹ́ ẹṣin àti oní-ìbaaka ní ẹsẹ̀ òkè, ní èdè Faransé ní ibì kan, ní èdè Jámánì ní ibòmíràn. Kò mọ iye tí yóò ná títí yóò fi padà délé. Olùkọ́, akọ̀wé báńkì tàbí ọmọbìnrin oníṣòwò kan tí ó ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré kò lè fi owó àti àkókò rẹ̀ wewu bẹ́ẹ̀. Irú àwọn èèyàn wọ̀nyí gan-an ni Cook ní lọ́kàn.

Ó bá ilé-iṣẹ́ rélùwéè tí ó ń gba Brighton dé etíkun sọ̀rọ̀, àti ti ilẹ̀ Faransé tí ó lọ láti Paris dé Geneva. Ó fi ìkéde sínú ìwé ìròyìn tirẹ̀, ó bi àwọn òǹkàwé bóyá wọn yóò fẹ́ bá òun lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 1863, àwọn èrò tí ó lé ní 100 kúrò ní ibùdókọ̀ London Bridge. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi ní Newhaven lọ sí Dieppe, wọ́n sì gba ibẹ̀ dé Paris. Ọ̀pọ̀ dúró sí Paris. Àwọn bíi 60 bá Cook lọ sí Geneva.

Lára àwọn tí wọ́n lọ ni Jemima Morrell, ọ̀dọ́bìnrin kan láti Yorkshire, pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, William, àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Ó kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́ lórí ìrìn-àjò náà, nípasẹ̀ rẹ̀ ni a sì fi mọ bí ètò náà ṣe rí ní ti gidi. Láti Geneva, kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà ni wọ́n wọ̀ lọ sí Chamonix. (Ilẹ̀ Faransé ni Chamonix wà, láti ọdún 1860 tí Savoy ti bọ́ sọ́wọ́ Fránsì, ṣùgbọ́n àwọn arìnrìn-àjò kò yà á sọ́tọ̀ kúrò lára Swítsàlandì.) Wọ́n rìn kọjá lórí odò yìnyín tí a ń pè ní Mer de Glace, àwọn obìnrin sì wọ yẹ̀rì gígùn fẹ̀ǹfẹ̀ bí àṣà ìgbà náà ṣe rí. Wọ́n gba àárín òkè bọ́ sí Martigny, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin dé Sion, nítorí ibẹ̀ ni ojú irin àfonífojì Rhône parí sí nígbà yẹn. Wọ́n dé Leukerbad tí omi gbígbóná ti ń sun láti inú ilẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí àwọn aláìsàn, ọkùnrin àti obìnrin, tí wọ́n jókòó papọ̀ nínú omi fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Ibi tí ó le jù ni ọ̀nà orí òkè Gemmi, tí ó ga ju mítà 2,000 lọ. Ògiri àpáta ni wọ́n gbẹ́ ọ̀nà náà sí, ó ń lọ́ bíi kànnàkànnà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Láti òkè wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí Kandersteg, wọ́n kọjá lọ sí Interlaken, wọ́n wo omi tí ń já láti orí àpáta ní Lauterbrunnen, wọ́n sì gba orí òkè dé Grindelwald. Nígbà tí wọ́n dé agbègbè Lucerne, wọ́n gun òkè Rigi, tí ó ga tó nǹkan bí mítà 1,800, kí wọ́n lè rí oòrùn bí ó ti ń yọ láàárọ̀. Ìdájí ni wọ́n máa ń jí lọ́pọ̀ ọjọ́. Ìdílé Morrell àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, owó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ná kò sì tó 20 pọ́ùn. Kì í ṣe owó òṣìṣẹ́ ọlọ́sẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kò rí ìdajì rẹ̀ fi pamọ́ lọ́dún; ṣùgbọ́n ó wà ní ìkáwọ́ ẹni tí ó wà ní ipò àárín.

Kí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà tó parí, bíi 500 èèyàn ni ó ti lo tíkẹ́ẹ̀tì Cook dé Swítsàlandì. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó ti gba àárín àwọn òkè Alps kọjá sí Ítálì.

Ọgbọ́n tí ó wà nínú ètò rẹ̀

Ohun tí Cook tà kì í ṣe ìrìn-àjò nìkan, ìdánilójú ni. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́ oníyíká: èrò yóò gba ọ̀nà kan lọ, yóò sì gba ọ̀nà mìíràn padà, ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ ojú omi orí adágún àti kẹ̀kẹ́ ẹṣin yóò sì wà nínú ìwé kan ṣoṣo. Ní ọdún 1868, ó fi ìwé ilé ìtura kún un. Èrò yóò ra ìwé yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yóò fà á lé onílé ìtura lọ́wọ́ dípò owó, onílé ìtura yóò sì fi ránṣẹ́ sí Cook láti gba owó rẹ̀. Onílé ìtura kò lè ṣàdédé fi kún iye tí ó wà lórí ìwé náà. Ní bíi ọdún 1874, ilé-iṣẹ́ náà tún gbé ìwé owó jáde tí èrò lè pààrọ̀ sí owó ilẹ̀ tí ó bá wà, irú èyí tí ó ṣáájú ṣéẹ̀kì arìnrìn-àjò. Ní oṣù Kẹta ọdún 1873 ni ìwé àkókò àwọn ọkọ̀ ojú irin Yúróòpù kọ́kọ́ jáde láti ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Ìwé yìí fi bí a ti ń ṣètò ìrìn-àjò lé ẹnikẹ́ni tí ó mọ̀wé kà lọ́wọ́, kódà ẹni tí kò fẹ́ bá ọ̀wọ́ èrò kankan rìn.

Àwọn obìnrin jàǹfààní púpọ̀. Ní ìgbà tí obìnrin kò lè dá rìn lọ sí ilẹ̀ òkèèrè láìjẹ́ pé ẹnu kàn án, wíwà lábẹ́ àbójútó Cook tó láti pa ẹnu àwọn ará ilé mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn èrò rẹ̀ ni ó jẹ́ obìnrin.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú rẹ̀ dùn. Ní ọdún 1865, òǹkọ̀wé Charles Lever, tí ó ń ṣe aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Ítálì, fi orúkọ mìíràn kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn sínú ìwé ìròyìn kan, ó fi àwọn èrò Cook wé agbo ẹran tí darandaran ń dà kiri. Ó bí Cook nínú gidigidi. Ó fi ẹjọ́ sun mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ẹni tí kò dá sí i, ó sì tẹ ìdáhùn tirẹ̀ jáde. Kókó ìdáhùn náà ni pé kò sí ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ fi àwọn òkè àti ẹwà ayé pamọ́ fún kìkì àwọn ọmọ ọlọ́lá. Ó dà bí ẹni pé Cook jàre níbí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òtítọ́ pé àwọn abúlé orí òkè kò rí bákan náà mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún 1871, ojú irin ti gun òkè Rigi tí àwọn èrò àkọ́kọ́ kò rí ọkọ̀ ojú irin wọ̀ dé.

Ilẹ̀ Mímọ́ àti yíyí ayé ká

Ní ọdún 1869, Cook kó ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ lọ sí Íjíbítì àti Palẹstínì. Fún oníwàásù tí ó ti ń ka orúkọ àwọn ìlú wọ̀nyí nínú Bíbélì láti kékeré, kò sí ìrìn-àjò tí ó ju èyí lọ. Ní ọdún 1872 sí 1873, ó kó èrò díẹ̀ yí ayé ká ní ọjọ́ 222, ó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn ní London bí ó ti ń lọ. Ó ti lé ní ọmọ ọgọ́ta ọdún nígbà yẹn.

Bàbá àti ọmọ

Ní àárín àwọn ọdún 1860 ni John Mason dara pọ̀ mọ́ bàbá rẹ̀ pátápátá, òun ni ó sì ń bójú tó ọ́fíìsì wọn ní Fleet Street, London. Oníṣòwò gidi ni: ó mọ ìṣirò, ó le, kò sì fi nǹkan falẹ̀. Ó mọ̀ dájú pé láìsí òun, bàbá òun yóò ti fi inú rere pa òwò náà run. Lójú Thomas, iṣẹ́ ìwàásù tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1828 ni òun ṣì ń ṣe. Ó ń na owó sórí iṣẹ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Róòmù, ó sì ń da ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn pọ̀ mọ́ ti òwò. John Mason kò fẹ́ kí owó ilé-iṣẹ́ bá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n jọ fi orúkọ wọn pe ilé-iṣẹ́ náà ní Thomas Cook & Son, ṣùgbọ́n lẹ́tà líle ń lọ ó ń bọ̀ láàárín wọn. Ní ọdún 1878, bàbá fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọmọ, ó gba owó ìfẹ̀yìntì ọdọọdún, ó sì padà sí Leicester, sí ilé tí ó kọ́ tí ó pè ní Thorncroft.

Ìbànújẹ́ dé bá a níbẹ̀. Ní ọdún 1880, Annie kú nínú ilé ìwẹ̀. Èéfín láti ara ẹ̀rọ tí ń fi gáàsì gbé omi gbóná ni ó pa á. Marianne kú ní ọdún 1884. Ojú Thomas fọ́. Ṣùgbọ́n ó tún lọ sí Palẹstínì kí ó tó kú, ó sì kọ́ ilé kéékèèké fún àwọn aláìní ní Melbourne, ìlú tí a ti bí i. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà ṣe àjọ̀dún àádọ́ta ọdún ní London ní ọdún 1891, pẹ̀lú àwọn ènìyàn ńláńlá lórí ìjókòó, Thomas kò sí níbẹ̀. Ó kú ní Thorncroft ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ní ẹni ọdún 83, wọ́n sì sin ín sí ìtẹ́ òkú Welford Road ní Leicester. John Mason kú ní ọdún 1899.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀

Àwọn ọmọ John Mason ta ilé-iṣẹ́ náà ní ọdún 1928. Ó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n tún tà á fún àwọn oníṣòwò ní ọdún 1972. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wọ gbèsè ó sì kógbá sílé, nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn èrò rẹ̀ ṣì wà ní ilẹ̀ òkèèrè.

Ìwé ìrántí Jemima Morrell sọnù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n rí i láàárín àwókù ilé kan ní London tí bọ́ǹbù bàjẹ́, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1963, nígbà tí ìrìn-àjò náà pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọ̀nà ìrìnsẹ̀ kan wà ní Swítsàlandì lónìí tí wọ́n pè ní ViaCook, èyí tí ó tẹ̀lé ipa ẹsẹ̀ àwọn èrò ọdún 1863.